Obìnrin Tí Wọ́n Fi Ṣe Òdiwọ̀n

Ó yẹ ká kọ́kọ́ fi tó gbogbo èèyàn létí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé obìnrin yìí kì í ṣí fìríìsà láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń kàn án, kó, kó, yóò sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn rí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú fìríìsà náà, oníkálukú nínú ike tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, lójú tirẹ̀, ìwàkiwà ni kéèyàn kàn já wọ ibi tí obìnrin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìsọ pé òun ń bọ̀.

Kí àyà ẹnikẹ́ni má já. Kì í ṣe odindi obìnrin ló wà níbẹ̀. Òwú ni, òwú tí wọ́n wé mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Aboyún á wá sí kíníìkì tó wà lókè, nọ́ọ̀sì á fún un ní igi olówùú kan, á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, á tì í bọ ojú ara rẹ̀, á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, á fi í sínú ike, á sì jáde wá bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ike náà, wọ́n á gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, aboyún náà ò lórúkọ mọ́, kò lọ́kọ, kò ládùúgbò. Nọ́ńbà ni.

Ohun tí wọ́n ń wá lára òwú náà ni kòkòrò àìfojúrí. Inú ojú ara gbogbo obìnrin ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n gboyè. Obìnrin wa máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n rò ó bí ilé. Àwọn kan wà tí wọ́n gùn bí igi ìṣáná, tí wọ́n ń pọn omi kíkan sílẹ̀ láti fi lé àrùn. Àwọn yẹn ni onílé. Àwọn kan kéré bí hóró iyọ̀, wọn kì í dá rìn, wọ́n á kóra jọ sójú kan bí ẹni tó ń ṣòfófó. Àwọn yẹn ni ayálégbé. Kò sí ilé tí kò láyálégbé, ìyẹn ò burú. Ìgbà tí onílé bá kó jáde, tí ayálégbé wá gba pálọ̀, nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ìwádìí náà fẹ́ mọ̀ bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ ni oyún ti ń bọ́ kó tó pé oṣù.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíkà. Á ra òwú mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, á jẹ́ kó gbẹ, á gbà á kọjá lórí iná. Á da aró aláwọ̀ àlùkò sí i, á ka ọgọ́ta, á fi omi ṣàn án. Á da áyódíìnì sí i, á fi sípíríìtì fọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, á wá fi aró pupa kádìí rẹ̀. Àwọn onílé á mu àlùkò, wọn ò sì ní jẹ́ kó ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayálégbé, pupa ló ń mú wọn. Á ki ojú bọ maikirosikóòpù, á máa kà á, á wá fún gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá. Òdo ló dára jù. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ti fi ọdún méjìlá gbìyànjú láti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, kò tíì rọrùn fún un.

Aró àlùkò yẹn kì í gbọ́ ti ìbọ̀wọ́. Ó ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ó ti wọ oríkèé ìka rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó ràn án. Ìdí nìyẹn tí gbogbo iléeṣẹ́ fi ń pè é ní Aláró, tó sì fi jẹ́ pé bó bá na ọwọ́ síni láti kíni, èèyàn á wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ti fi ogún ọdún ó lé díẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ara obìnrin, kò sì tíì lè dárúkọ rẹ̀ lójú èèyàn. "Agbègbè náà" ló máa ń pè é. Àlejò kan wá láti iléeṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko, ó ń kọ gbogbo ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bi Ọ̀jọ̀gbọ́n bóyá mọ́tò ń dé agbègbè náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ló dá ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n sílẹ̀. Aró a máa bàjẹ́, ojú a máa rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó ka gíláàsì ẹnikẹ́ni láàárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ọ̀kan tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé ó dára, kí wọ́n lè mọ̀ pé aró ń ṣiṣẹ́, ojú náà sì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń rà tán, òmíràn ò tètè dé. Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè wo àjà, ó ní bó bá wà nínú àwọn obìnrin ibí yìí ẹnì kan tí Ọlọ́run ṣe dáadáa fún ní agbègbè náà, kó jọ̀wọ́ ran ìmọ̀ lọ́wọ́. Obìnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ran ìmọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kà á, ti àwọn mẹ́ta dára. Ti Aláró kọjá dídára. Àwọn onílé tò lọ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, kò sí ayálégbé kan láti fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù kan tí ìbéèrè mẹ́ta wà nínú rẹ̀: ọdún mélòó ni ẹ, ṣé ẹ ń lo oògùn apakòkòrò, ṣé ẹ ti wẹ̀ lónìí. Ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun, òun ò lo oògùn, òun ti wẹ̀. Ká ní wọ́n bi í ni, ì bá sọ fún wọn pé oyún kan ti wálẹ̀ lára òun ní oṣù karùn-ún. Wọn ò bi í.

Bó ṣe di òdiwọ̀n nìyẹn. Lóṣooṣù ló ń mú òwú ara rẹ̀, ó ń rà á mọ́ ogún gíláàsì, ó ń kó wọn sínú àpótí. Láàárọ̀, kó tó wo obìnrin kankan, ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ya àwòrán ọ̀kan, ó mú kó tóbi bí fèrèsé, ó gbé e kọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí àlejò bá dé, á nàka sí i, á ní, "Ìlera nìyí." Àwọn obìnrin mẹ́ta yòókù ti wá iṣẹ́ gba ibòmíràn lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni àwòrán yẹn mọ́ àyàfi Ọ̀jọ̀gbọ́n, Aláró, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kíníìkì aláboyún lókè. Nọ́ọ̀sì Òkè la máa pè é.

Ó wá ku ilé. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ bínú, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Ìyá ọkọ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wolé-wolé ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wo inú ìkòkò omi olómi, tó fi bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ṣáláńgá oníṣáláńgá. Ìfẹ̀yìntì ò sì mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́: títí dòní, bó bá kí èèyàn wálé, á ṣí ìdérí omi wò kó tó ní ẹ kú ilé.

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ bọ́, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tí kò ki ojú bọ nǹkan kan, sọ pé ó jọ pé àrùn abẹ́ ló fà á, ó kọ oògùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá a lọ. Ìyá ọkọ gbá a mú. Kò bú ìyàwó rẹ̀, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ bá a pariwo rí. Ó kàn ń ra oògùn olómi kan tó máa ń funfun bí wàrà bí wọ́n bá dà á sómi, ó ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ wọn, bí ìgbà tí wolé-wolé bá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri.

Aláró gbìyànjú lọ́jọ́ kan láti ṣàlàyé. "Màmá, omi lásán ti tó, ìta nìkan ni wọ́n sì ń fi í ṣàn. Bí mo bá da oògùn yìí sínú, àwọn onílé ni mò ń lé."

Ìyá náà wò ó tàánútàánú. "Ìyàwó mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá onílé jà. Kò sí onílé tó sọ fún mi rí pé ilé òun dọ̀tí."



Oyún kejì wálẹ̀ ní oṣù márùn-ún ààbọ̀, nígbà tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Agbẹ̀bí kan tún ní àrùn ni. Ó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tí ìsinmi rẹ̀ parí, kò pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ó ní ìsinmi dùn. Nọ́ọ̀sì Òkè ló wá gba ike òfìfo lọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì rí i pé iwájú aṣọ funfun rẹ̀ tutù ní ibi méjì. Omi ọyàn ti dé, ẹni tó máa mu ún ni kò sí. Nọ́ọ̀sì Òkè mú un wọ yàrá tí wọ́n ń kó páálí sí, ó fi báńdéèjì gbà á láyà pinpin, ó sì bá a dí bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, gíláàsì òdiwọ̀n kì í ṣe iṣẹ́ lásán fún un mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ti fi kàn án, níwájú ọkọ, níwájú ìyá ọkọ, kò sì rí ilé ẹjọ́ tó máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lójoojúmọ́, á ki ojú bọ maikirosikóòpù, wọ́n á sì dá a láre.

Ó lóyún kẹta lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ọkọ rẹ̀ fi rúlà fa ogójì àpótí kékeré sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, láti inú, ó ń fàmì sí ọ̀kan ní Sátidé Sátidé. Wọ́n fẹ́ fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ ogún. Ìyá dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò bóyá ikán wà níbẹ̀, ó ka àpótí náà, ó jáde lọ ra oògùn olómi. Aláró kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó gbà á, ó fi fọ ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilẹ̀ náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé.

Ní ibi iṣẹ́, ó ń mú òwú ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé báyìí, kì í dúró de oṣù. Òdo. Òdo. Òdo. Àwọn onílé tún ń pọ̀ sí i, nítorí oyún a máa fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò mọ̀ pé ó lóyún torí aṣọ ibi iṣẹ́ wọn tóbi, tòun náà kì í wo èèyàn níhà ibẹ̀, ní òdiwọ̀n wọn mà ń dára sí i. Ó gbà pé aró tuntun tí wọ́n rà ló fà á. Ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí àwọn tó ta aró.

Òdo yẹn ò fi Nọ́ọ̀sì Òkè lọ́kàn balẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá ló ti ń sọ fún un pé kó gòkè wá kí wọ́n fi sikáànù wọn ẹnu ilé ọmọ rẹ̀. Ó ní oyún tó bọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní déédéé àsìkò kan náà, kì í ṣe kòkòrò nìkan ló lè fa irú ẹ̀. Aláró ní ó dáa, tí òun bá ka gíláàsì tó wà nílẹ̀ tán. Òótọ́ ni pé gíláàsì wà nílẹ̀: ìwádìí ń parí lọ, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún tí wọ́n ń retí látọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún kọjá. Ní ogún ọ̀sẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Òkè dá a dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Aláró, ṣé ìgbà tó o bá bí i tán lo tó máa wá?"

"Mo wò ó láàárọ̀ yìí. Òdo ni."

"Mi ò bi ẹ́ ní ti kòkòrò. Ẹnu ilé ọmọ ni mo fẹ́ wọ̀n."

"Ọ̀rẹ́ mi, ọdún méjìlá ni mo fi ń ka gíláàsì àwọn tí oyún wọn ń bọ́. Mo ti mọ̀ wọ́n lójú. Tèmi ò sí níbẹ̀."

"Gíláàsì ẹ ń wo àwọn tó ń gbénú ilé," Nọ́ọ̀sì Òkè wí. "Èmi ń bi ẹ́ bóyá ilẹ̀kùn tì."

Aláró rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ilé, kó má wá fi ohun olóhun ṣe ọgbọ́n. Ó ṣèlérí pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ó sì lọ lóòótọ́. Lọ́jọ́bọ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́, ó gun àtẹ̀gùn dé kíníìkì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin mọ́kànlá ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì, oníkálukú pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Kò mọ ojú ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí òun ò tíì rí inú rẹ̀. Ó mọ̀ pé nínú mọ́kànlá yìí, ó kéré tán, mẹ́ta wà tí òun ti kọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án fún, tí òfin ìwádìí ò sì jẹ́ kí òun sọ fún wọn, torí kò sẹ́ni tó tíì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àyè ẹnì kan wà ní ìparí bẹ́ǹṣì náà. Lójú rẹ̀, bí òun bá jókòó síbẹ̀, òun ti bá wọn wọ inú ìwé kan náà nìyẹn. Obìnrin tó ń gba káàdì bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ mà. Ó ní òun wá kó ike tòní ni. Wọ́n kó ike tòní fún un, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún. Láti ìdájí ni ìdí rẹ̀ ti wúwo, bí ẹni pé nǹkan ń tì í láti inú. Ó dé ibi iṣẹ́, ó mú òwú, ó kùn ún láró, ó wò ó. Òdo. Ó ní òun ò rí èyí tó lẹ́wà tó o rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa àwo gíláàsì àwọn obìnrin yòókù sún mọ́ra. Ó ka mẹ́sàn-án. Bó ṣe ń kọ máàkì kẹsàn-án ni omi já. Ìwé náà ṣì wà: ìlà kẹsàn-án, nọ́ńbà obìnrin náà, máàkì rẹ̀, lẹ́tà gún régé, ó tilẹ̀ fi àmì ìdánudúró sí i. Ìlà kẹwàá ṣófo.

Ó tó ọ̀sán, ó bí ọmọbìnrin kan lókè, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì yẹn. Ọmọ náà mí fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì Òkè gbé e fún un, ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka ẹsẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ sókè, torí kíkà ló mọ̀. Gbogbo rẹ̀ pé.

Dókítà fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ kì í lágbára láti dì, bí oyún bá ti wúwo díẹ̀, á máa ṣí fúnra rẹ̀ láìsí ìrora. Ó ní òun ò rò pé kòkòrò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀ nínú ẹ̀, bóyá ní ti àwọn méjì ìṣáájú pàápàá. Ká ní wọ́n tètè wọ̀n ọ́n ni, wọn ì bá fi okùn rán an, ó sì ṣeé ṣe kó dì í mú.

"Rírán náà, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó?" Aláró bi í.

"Kì í pẹ́. Bí ogún ìṣẹ́jú."

Ó mi orí. Ó ní kíkun àwo gíláàsì kan láró máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ọkọ rẹ̀ wá ohun tí wọ́n fi ń tú ìṣó, ó tú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lára rẹ̀, ó gbé e jáde lọ síbi tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ju oṣù méjì tí aṣọ wọn fi wà ní gbangba, tí gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ń rí ẹ̀wù àwọ̀sùn.

Ìyá ọkọ dé lọ́jọ́ kejì. Kò ṣí omi wò. Ó kó aṣọ tí wọ́n kó wá láti ọsibítù, ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó ń fọ̀ ọ́. Aláró jáde lọ bá a, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ mà. Ìyá náà ò fi sílẹ̀.

"Kí ni dókítà ní ó fà á?"

Aláró sọ fún un.

"Kì í ṣe ìdọ̀tí?"

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, mà. Kò fìgbà kan jẹ́ ìdọ̀tí."

Ọdún mẹ́wàá ó lé ló fi wá àyè láti sọ gbólóhùn yẹn. Ó sọ ọ́ tán, kò rí adùn kankan nínú rẹ̀. Ìyá náà ń fún aṣọ lọ, ó fún un títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń fún un.

"Ì bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, ìyàwó mi," ó wí, "à bá fọ̀ ọ́."

Ó dìde, ó sá aṣọ náà sórí okùn, ó fà á gún ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá sún mọ́ ọn, ó ń wò ó bóyá àbààwọ́n kù níbì kan. Kò mọ ibòmíràn tó tún lè wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Aláró padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo èèyàn ti gbọ́, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tútù. Wọ́n ní ẹ kú ìrọ́jú nítorí "ohun tó ṣẹlẹ̀". Wọ́n ní Ọlọ́run á fi èyí tó dára rọ́pò "èyí tó lọ". Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sí àjà títí, gbogbo wọn rò pé agbègbè náà ló fẹ́ sọ. Ó ní, "Mo bá yín kẹ́dùn ọmọbìnrin yín." Lẹ́yìn náà ló lọ sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Òun nìkan ló pè é ní ọmọ.

Ìwádìí ti parí nígbà náà. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n kà, àwọn tí ayálégbé gba ilé wọn ni oyún wọn bọ́ jù, ìyẹn sì hàn kedere. Bí ìwé tí wọ́n kọ lórí ìwádìí náà bá jáde, àwọn kíníìkì á lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíláàsì aláboyún, kí wọ́n sì sọ fún un ohun tí wọ́n rí, dípò kí wọ́n kàn lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ojú ewé àkọ́kọ́, àwòrán òdiwọ̀n ni: àwọn onílé, lórí ìlà, aláwọ̀ àlùkò.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò kó tó jáde kọ̀wé padà. Wọ́n yin iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí àwọn fẹ́ mọ̀, wọ́n sì fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́: ṣé obìnrin tí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n yìí ní ìlera pípé nípa ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí? Àpótí méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú Aláró fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò bi í nígbà tó yẹ kí òun bi í, òun ò sì ní bá a dáhùn nísinsìnyí. Ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Aláró kò rí i bí ohun tó le lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn kòkòrò rẹ̀ ní ìlera, gbogbo ayé rí wọn lára ògiri. Bó bá fàmì sí Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé á jáde kó tó oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì á jàǹfààní rẹ̀, òun ni wọ́n á sì máa fi júwe ìlera láti ìlú dé ìlú, obìnrin tí kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ọmọ mẹ́ta ò ní sí nínú ìtàn náà. Bó bá fàmì sí Bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní kí wọ́n lọ wá obìnrin mìíràn, kí wọ́n tún gbogbo gíláàsì kà láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọdún méjì, kí bẹ́ǹṣì lókè ṣì máa dúró. Ọ̀rọ̀ tí dókítà àkọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀ láìwo nǹkan kan, òun náà á sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó jọ ọ́.

Ó mú fọ́ọ̀mù náà lọ bá Nọ́ọ̀sì Òkè. Nọ́ọ̀sì Òkè kà á, ó yí ìwé náà padà wo ẹ̀yìn.

"Wọn ò fi àyè sílẹ̀ kéèyàn kọ nǹkan sí i?"

"Wọn ò fi sílẹ̀."

Aláró ti sọ̀kalẹ̀ báyìí. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ṣí bírò. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù náà, aago mẹ́rin sì ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá a dé ibí yìí, ẹ gbà á nímọ̀ràn: èwo nínú àpótí méjèèjì ni kó fàmì sí?